Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gágun Ojú Omi ti Atikori

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín o. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí ẹ́ńjìnnì Yamaha tí ẹ so mọ́ ìdí igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìnkùlé bí àgbò iléyá. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bàjẹ́ ní kété tí mo dárúkọ plọ́ọ̀gì. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó já gaara nígbà tí ẹ ń ròyìn iye tí ẹ ta kòkó, tó wá ń há gìrìgìrì nígbà tí ọ̀rọ̀ kan plọ́ọ̀gì, ọwọ́ ènìyàn ń bẹ nínú ìyẹn. Ó yá, kí gbogbo ayé bá wa gbọ́ ọ.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n sọ ìlú wa. Ìjẹ̀bú inú igbó. Àwọn baba ńlá wa kò mutí yó lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gẹdú, obì àti kòkó ni Ọlọ́run fún wa; Ó fún àwọn ará Ogun Waterside ní omi, ẹja àti yànmùyánmú, oníkálukú sì gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ọpẹ́. Ẹni tó bá jókòó sí Atikori ní ìlú wa yìí tó ní òun fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, àfi kó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ilẹ̀, kó gba Ìbíadé já sí Ìwópin tàbí Mákùn-Omi, kó tó fojú kan ọ̀sà Lẹ́kì. Ibi tí ẹ wà yìí, omi tó pọ̀ jù tí ẹ ní ni èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ìyàwó yín.

Síbẹ̀, mo mọ ohun tó gbé yín dé ojú omi. Òwò gẹdú lẹ fi dàgbà. Nígbà tí ẹ wà lọ́mọ iṣẹ́, wọ́n máa ń so gẹdú pọ̀ sójú omi bí ẹní, wọ́n á sì máa wọ́ ọ lọ lórí ọ̀sà títí dé Okobaba ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, níbi tí àwọn tó ni máṣíìnì ìlagi ti ń dúró dè é. Ẹ rí ọkùnrin tó jókòó sí ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń fa gẹdú yẹn, tó fi fìlà bojú, tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ẹ sì ti ń ṣe bíi tirẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ìyàwó yín ló sọ fún mi pé ẹ máa ń fi ọwọ́ yí nǹkan lójú oorun. Nítorí náà, nígbà tí ẹ ra Yamaha tòkunbọ̀ yẹn, onísílíńdà méjì, tí ọ̀dà búlúù ara rẹ̀ ti ṣí, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì ju ti àbígbẹ̀yìn yín lọ, n kò bá yín jà. Ẹ́ńjìnnì dára. Àwọn túù-sítíróòkù ayé ọjọ́un, ènìyàn gidi ló ṣe wọ́n. Plọ́ọ̀gì tí ẹ kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu ni mo bá wá.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọjọ́ Sátidé yẹn ní Ìwópin, torí mo gbọ́ pé ẹ ti ń sọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn fún àwọn ènìyàn. Abẹtí ajá lẹ dé. Jákẹ́ẹ̀tì ìdóòlà ẹ̀mí tó pọ́n bí ọsàn sì wà lórí bùbá àǹkárá yín. Ìyẹn nìkan ni ohun tó tọ̀nà tí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ fa okùn ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Mo kà á. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejìlá ó húkọ́, ó tú èéfín dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pọ̀-pọ̀-pọ̀ bí ẹni tí wọ́n fipá jí lójú oorun. Ẹ wojú mi, ẹ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé àárín ọ̀sà, tí ẹ rí i pé àwọn ọmọge tó wà ní èbúté ṣì ń wò wá, ẹ yí i dé òpin. Ó sá. Òótọ́ ni, ó sá. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́fà tó fi sá. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà, tó ń dún kà-kà-kà bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì, tó sì dákẹ́.

Ẹ ò ní gbàgbé bàbá apẹja Ìlàjẹ tó fi òbèlè rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó wo abẹtí ajá yín láti òkè délẹ̀, tó ní, “Bàbá, ṣé ẹ ń lọ ni, àbí ẹ ń gbé ibẹ̀?” Òun ló yá wa ní àjẹ̀ kan. Èmi ni mo sì wà á.

Nígbà tí a dé etí omi ni mo yọ plọ́ọ̀gì méjèèjì, tí mo tẹ́ wọn sórí páálí. Ẹ ti rìn jìnnà sí mi nígbà náà, ẹ ń ṣàlàyé fún ẹnìkan pé epo tí wọ́n tà fún yín ni kò dára. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo rí.

Ti sílíńdà òkè dúdú, ó tutù, ó ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀tẹ̀rẹ̀ bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Mo fi àkísà nù ún kí n tó rí ohun tí wọ́n kọ sí i lára: BPMR7A. Ẹ̀gbọ́n mi, plọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì ìgégi nìyẹn! Inú àpótí irinṣẹ́ gẹdú yín lẹ ti mú un. Ti sílíńdà ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀ funfun bí eyín ọmọ ọwọ́, ẹnu irin rẹ̀ sì ti ń yọ́. Ohun tí wọ́n kọ sí òun lára ni W8AC ti Bosch. Plọ́ọ̀gì Ìjàpá. Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó lọ́dún 1975, tí ìyá wa fi ń gbé wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, apá kan rẹ̀ ń lagi nínú igbó, apá kejì ń gbé tíṣà lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yin sì jókòó sẹ́yìn wọn, ẹ dé fìlà.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní, “Ṣebí ó wọlé?” Ó wọlé. Ó wọlé dáadáa, torí tírẹ́ẹ̀dì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ẹ́ńjìnnì ìgégi, ti Ìjàpá àti ti Yamaha yín, mílímítà 14 ni ìbú gbogbo wọn. Kọ́kọ́rọ́ ilé mi náà máa ń wọ inú ihò ilẹ̀kùn yín ní Atikori. Ẹ ó rántí pé ìgbà tí mo fipá yí i, káfíńtà la pè.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí gígùn, torí ìyẹn rọrùn. Tírẹ́ẹ̀dì BPMR7A kò ju mílímítà 9.5 lọ. Ihò tó wà lórí sílíńdà yín, mílímítà 12.7 ló ń retí. Plọ́ọ̀gì yẹn kò dé inú yàrá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, tó ń ṣẹ́ iná rẹ̀ nínú kọ̀rọ̀, bí ẹni tó lọ kí ìyàwó tuntun tí kò kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Epo tó yẹ kó jó kò jó tán. Èédú wá ń kún inú tírẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ tó ṣófo, débi pé lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé plọ́ọ̀gì tó tọ́ dé, kò ní fẹ́ wọlé mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi táàpù tó kun gírísì yí èédú yẹn kúrò ná. Gírísì ni yóò mú èédú náà dání kó má baà bọ́ sínú. Òdìkejì rẹ̀ sì tún burú jù: plọ́ọ̀gì ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, mílímítà 19 ni tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Èyí yóò wọlé kọjá ibi tó yẹ, písítìnnì yóò gun òkè, yóò sì kàn án lórí gbì. A dúpẹ́ pé ẹ kò tíì rí ti Kọ̀ròlá àbúrò yín yọ.

Ti Ìjàpá gan-an ló dùn mí jù, torí ẹ rò ó kí ẹ tó ṣe é. Ẹ gbọ́ pé B8HS ti NGK ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ́ńjìnnì yín. Ẹ wo ọwọ́ yín, ẹ rí W8AC. Mẹ́jọ rèé, mẹ́jọ rèé. Tírẹ́ẹ̀dì méjèèjì jẹ́ mílímítà 14 ní ìbú, wọ́n sì jẹ́ 12.7 ní gígùn. Kódà wásà wọn jọra. Bí mo bá jẹ́ adájọ́, màá ní kí wọ́n máa jọ gbé. Ṣùgbọ́n mẹ́jọ NGK kì í ṣe mẹ́jọ Bosch. Ní ti NGK, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni plọ́ọ̀gì ń tutù sí i. Ní ti Bosch, bó bá ṣe ń ga ló ń gbóná sí i. Mẹ́jọ Bosch kò jìnnà sí márùn-ún NGK. Ẹ wá ẹni tó tutù bí omi àmù, ẹ mú ẹni tó gbóná bí ẹ̀kọ àárọ̀ wá.

Mo sì mọ ẹni tó kó sí yín lórí. Ọ̀rẹ́ yín ní Mákùn-Omi, tó ní ẹ́ńjìnnì Johnson àtijọ́ tó ń lo plọ́ọ̀gì Champion, ló sọ fún yín pé nọ́ńbà ńlá ni gbígbóná. Òun kò parọ́: J4C tutù ju J6C lọ, J6C sì tutù ju J8C lọ. Mẹkáníìkì tó wà ní etí omi ní nọ́ńbà ńlá ni tútù, torí NGK lòun fi kọ́ṣẹ́, òun náà kò parọ́. Àwọn méjèèjì jà lórí rẹ̀ lójú yín nídìí ẹmu, wọ́n wá ní kí ẹ̀yin dá a. Ẹ wo ẹni tó dàgbà jù, ẹ dá a láre, ẹ tún gba ife kejì. Bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́ ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, irin kì í wo irun funfun.

Kí tilẹ̀ ni gbígbóná, kí ni tútù? Gbogbo plọ́ọ̀gì ló ń ṣẹ́ iná. Iná kan kò gbóná ju èkejì lọ. Imú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo inú ẹnu plọ́ọ̀gì, ẹ ó rí tanganran funfun kan tó yí ọ̀pá àárín ká. Bí imú tanganran yẹn bá gùn, ooru yóò rìn ọ̀nà jíjìn kó tó dé ara irin tó lè gbé e jáde, imú á sì máa gbóná. Bó bá kúrú, ooru á tètè sá lọ, imú á sì tutù. A kò fẹ́ kó tutù jù, torí bí imú kò bá tó nǹkan bí 450 lórí ìwọ̀n Celsius, kò lè jó èédú ara rẹ̀ dànù, ẹ̀gbin á bò ó. A kò sì fẹ́ kó kọjá 800 púpọ̀, torí yóò pọ́n bí ẹ̀yinná, epo yóò sì gbaná lára rẹ̀ kí iná gan-an tó ṣẹ́. Písítìnnì ṣì ń gòkè bọ̀, iná ti ń lù ú lórí. Kà-kà-kà tí ẹ gbọ́ nìyẹn, tí ẹ ní epo wọn ni. (Bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ amọ̀ tanganran ni NGK ti jáde. Lọ́dún 1936 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ plọ́ọ̀gì sílẹ̀ ní Nagoya, ní Japan. Àwọn tó mọ tanganran ló mọ plọ́ọ̀gì. Ẹ bi ìyàwó yín bó ṣe ń tọ́jú àwo rẹ̀.)

Ẹ ó ní Ìjàpá náà gbé wa lọ sí Ìbàdàn, kò sì yọ́. Ọ̀nà Ìbàdàn ní òkè, ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tí mọ́tò bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, dẹ́rẹ́bà á gbẹ́sẹ̀, ẹ́ńjìnnì á mí. Omi kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Òkè ni ọ̀sà láti Ìwópin dé Ẹ̀pẹ́, òkè ni láti Ẹ̀pẹ́ padà. Omi ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, ẹ̀yin sì ti yí i dé òpin nítorí àwọn ọmọge. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì ojú omi fi ń bèèrè plọ́ọ̀gì tó tutù ju ti mọ́tò lọ. Ọ̀pọ̀ Yamaha túù-sítíróòkù tó wà lórí omi wa, B7HS tàbí B8HS ni wọ́n ń lò, ìwé ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ni yóò sì sọ èwo. Apẹja tó ń rọra wakọ̀ káàkiri ibi tó dẹ àwọ̀n sí láti òwúrọ̀ kùtù, tí kì í sáré, lè rí i pé èyí tó tutù jù ń di dúdú lójoojúmọ́. Àwọn mìíràn a máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele kan sí èyí tó gbóná díẹ̀, ohun tí ìwé wọn sì gbà láyè ni wọ́n ń ṣe. Ìpele kan o. Ẹ̀yin fò sọ̀ kalẹ̀ ní mẹ́ta.

Ẹ sì dákẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí, mi ò fẹ́ fi ṣeré. Nígbà tí mo mú plọ́ọ̀gì Ìjàpá yẹn sún mọ́ ojú, mo rí àwọn ẹyọ kékeré lára tanganran rẹ̀, wọ́n ń dán bí fàdákà, wọn kò tó orí abẹ́rẹ́. Fàdákà kọ́ o. Ara písítìnnì yín ni. Ó ti ń yọ́, ó ń fọ́n sára plọ́ọ̀gì bí epo ìdínkàrà. Bí a bá tún rin ìṣẹ́jú mẹ́fà mìíràn, ihò ì bá ti wà lórí písítìnnì, ẹ ì bá sì máa wá ẹni tí yóò tà yín ní písítìnnì Yamaha tó ti pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹ mọ iye tí wọ́n máa ń pè é, ẹ sì mọ ohùn tí wọ́n fi máa ń pè é.

Ẹ̀yin, ẹ̀yin kan náà, tí ẹ dá télọ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé àwọ̀ okùn tó fi rán agbádá Ojúde Ọba yín fi díẹ̀ pọ́n ju ti regbẹ́rẹgbẹ́ yín lọ! Ẹ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí yín lórí ẹṣin ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú okùn tí kò bá aṣọ mu. Ẹ fún okùn télọ̀ ní ọ̀wọ̀ tí ẹ kò fún sílíńdà.

Nígbà tí a wà lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka plọ́ọ̀gì. Ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti sáré díẹ̀, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀ láìjẹ́ kó rọra sọ pọ̀-pọ̀-pọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí imú rẹ̀ bá ní àwọ̀ tíì tí a da mílíìkì sí, ẹ dá a padà, ẹ lọ jẹun. Bó bá dúdú tó gbẹ bí èédú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, kabúrétọ̀ ni kí ẹ bi. Bó bá dúdú tó sì rin gbingbin, ọ́ìlì ló pọ̀, tàbí plọ́ọ̀gì ló tutù jù, tàbí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá funfun, ẹ má tún tan ẹ́ńjìnnì mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ plọ́ọ̀gì ló gbóná jù; ó sì lè jẹ́ pé koríko ojú omi ló dí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi tí ń mú un tutù. Lórí ọ̀sà wa, koríko yìí kì í ṣe àlejò, ẹ máa wo ibẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irin.

Ní ti ọ́ìlì, mo rí bí ẹ ṣe ń dà á. Bí ẹni ń da epo pupa sí ẹ̀wà ni. Ẹ mi kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ mi orí. Àdàlù 50 sí 1 ni ìwé yín sọ. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún, ìdajì lítà ọ́ìlì ni yóò gbà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn baba ẹ́ńjìnnì kan wà tí wọ́n ń fẹ́ 24 tàbí 25 sí 1, ìyẹn bíi lítà kan sí kẹ́ẹ̀gì kan náà. Ti ọ̀rẹ́ yín ní Mákùn-Omi lè wà lára wọn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọdọ̀ yé da ọ́ìlì wo ọwọ́ rẹ̀. Kí ẹ sì wo ara ike rẹ̀ kó ní TC-W3. Ọ́ìlì ọ̀kadà kọ́ ni.

Johnson ọ̀rẹ́ yín yẹn mú mi rántí. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó má yá yín ní plọ́ọ̀gì, kó má sì yá tiyín. Àwọn Johnson àtijọ́ kan ń lo J, tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ 9.5, kúkúrú bíi ti ẹ́ńjìnnì ìgégi. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ń lo L, tí ó jẹ́ 12.7. Ẹ̀yà kan tún wà tí kò ní ìkọ́ lẹ́nu rárá, tí wọ́n fi V parí orúkọ rẹ̀ ní ti Champion. Iná rẹ̀ ń fò láti ọ̀pá àárín sí etí irin tó yí i ká. Mo mọ ọmọ iṣẹ́ kan tó kó irú rẹ̀ mẹ́ta tuntun dànù, tó ní ìkọ́ wọn ti kán. Ọ̀gá rẹ̀ fi ọjọ́ méjì wá wọn nínú ààtàn. Àwọn ìwé Johnson àti Evinrude gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ní i, torí kò sí ẹni tí ẹ ó padà lọ bi: Ole Evinrude, ọmọ Norway tó ń gbé ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ tirẹ̀ lọ́dún 1909, lọ́dún 2020 sì ni àwọn tó jogún orúkọ náà ní àwọn kò ṣe é mọ́. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé áísìkiriìmù tó lọ rà fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló yọ́ kó tó wakọ̀ padà dé òdìkejì adágún omi, ló fi ronú ẹ́ńjìnnì. Nítorí obìnrin ni òun náà ṣe sáré. Ṣùgbọ́n òun ṣe ẹ́ńjìnnì kó tó sáré.

Ó ku gáàpù, ìyẹn àlàfo tí iná ń fò kọjá lẹ́nu plọ́ọ̀gì: ẹ béèrè kí wọ́n fi géèjì wọ̀n ọ́n. B8HS lásán, àárín 0.5 sí 0.6 mílímítà ni ó sábà máa ń jẹ́ lórí àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Bí ẹ bá rí B8HS-10, 10 yẹn túmọ̀ sí 1.0, ti àwọn tí iná wọn lágbára ju tiyín lọ ni. Mẹkáníìkì etí omi yóò fi abẹ ayùn irin wọ̀n ọ́n fún yín. Ẹ má bú u. Abẹ yẹn nípọn tó nǹkan bí 0.6, ó ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi, mo sì ti fi géèjì tẹ̀lé e lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi. Ohun tí ẹ lè bú u fún ni bó bá da bẹntiróòlù sí plọ́ọ̀gì tó sì ṣáná sí i láti fi fọ̀ ọ́. Plọ́ọ̀gì kì í ṣe bọ̀ọ̀lì.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ẹ mọ̀ ọ́n ju mi lọ, ẹ ti ta ìrókò ayédèrú rí. (Mo ní ẹ má bínú.) Bí wásà bá ń yọ bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ yí i, bí ìkọ́ kò bá wà ní ọ̀gangan ọ̀pá àárín, bí lẹ́tà ara tanganran bá ń parẹ́ lábẹ́ àtàǹpàkò, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á kó fi ta ìyá rẹ̀.

Plọ́ọ̀gì B8HS méjì wà nínú àpòòwé tí mo fún dẹ́rẹ́bà tó ń gbé èrò láti Ìjẹ̀bú-Òde wá sí Atikori. Yóò fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá oníṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i wọlé títí yóò fi kan wásà, lẹ́yìn náà kí ẹ fi sípánà fi ìdajì yíyí kún un, ó tán. Ẹ má fi agbára tí ẹ fi ń fa gẹdú fà á, àlúmíníọ́mù ni orí sílíńdà yẹn. Mo fi ìwé owó rẹ̀ sínú àpòòwé kí ojú má tì yín láti bèèrè. Ìjẹ̀bú ni wá, kò sí ẹni tó máa ṣe bí ẹni pé òun kò rí i.

Plọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì ìgégi, ẹ dá a padà sínú àpótí. Ti Ìjàpá, ẹ gbé e fún mi, mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ. Bí ẹ bá ti fi àwọn tuntun sí i, ẹ pè mí kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá bàjẹ́, màá mọ̀ pé W8AC ló ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín, tó ṣì ń fi òrí pa èjìká tó fi wa àjẹ̀ láti àárín ọ̀sà.